Dírááfù Tí Kò Ní Ojú

Má ka ìwé yìí sókè. Ojú ni kí o fi kà á, kí ètè rẹ má mì. Bí o bá dé ibi tó dùn ọ́, gbé e mì. Bí o bá dé ibi tó pa ọ́ lẹ́rìn-ín, fi ọwọ́ bo ẹnu. N kò mọ irú òpó tó wà ládùúgbò rẹ, n kò sì mọ bí etí rẹ̀ ṣe mú tó. Èmi kì í ṣe akọ̀wé. Ohun tí mo mọ̀ ni mo kọ, mo sì ń wẹ̀yìn bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ọ̀sán gangan ni Ọdẹ́táyọ̀ gbé látọ́ọ̀pù rẹ̀ jáde nílé. Ó ti fi aṣọ ìnulẹ̀ wé e, ó gbé e sísàlẹ̀ garawa, ó wá kó aṣọ mìíràn lé e lórí. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè garawa. Iṣẹ́ sólà ló ń ṣe, kì í ṣe àtúnṣe o, nínù ni. Ní pápá sólà tó wà lẹ́yìn ìlú Ìgbòho, ẹ̀rọ ló ń nu èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í lè dé inú igun. Igun yẹn ni wọ́n fi sílẹ̀ fún èèyàn bíi tirẹ̀. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Ìwé mẹ́fà ló kà. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, bó sì bá rí ẹni tó wọ aṣọ ìjọba lókèèrè, ọ̀nà mìíràn ló máa ń gbà.

Òpó mẹ́rin ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù Abíọ́nà. Iná wọn a máa tutù yọ̀yọ̀ bí ewé, nígbà tí gbogbo nǹkan bá ń lọ bó ṣe yẹ. Bí òpó bá gbọ́ ohun tí kò yé e, iná náà á pọ́n bí ìyeyè, ẹnì kan á sì dé láìpẹ́. Ọdẹ́táyọ̀ mọ èyí tí etí rẹ̀ di díẹ̀ àti èyí tó ń gbọ́ ìmí èèyàn. Ó rọra ń gbé ẹsẹ̀.

Lásísì, ará ilé kejì, ni ó kọ́kọ́ pàdé. Lásísì jókòó sábẹ́ òjìji, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ tàkúrọ̀sọ. Ìyàwó náà ti kú láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Láti inú àpótí kékeré kan lára ògiri ló ti ń dáhùn, ohùn rẹ̀ gan-an ni, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo àwàdà ọkọ rẹ̀. Ọdẹ́táyọ̀ mọ obìnrin yìí nígbà tó wà láyé. Kò rẹ́rìn-ín sí àwàdà Lásísì rí. Kì í tilẹ̀ í jẹ́ kí ó parí ọ̀kan kó tó ní kó lọ pọnmi.

"Táyọ̀," ni Lásísì wí, "ní gbogbo àdúgbò yìí, òkú tìrẹ nìkan ni kò mọ̀nà ilé. Ṣé ìyá rẹ ń bá ọ jà ni?"

Òkú inú àpótí rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́táyọ̀ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí wọ́n má baà ní kò rẹ́rìn-ín, ó sì kọjá.

Ìyá rẹ̀ kò bá a jà. Ìwé ni Àká, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú ohùn òkú, ti kọ sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pé kó wá sí ojú fèrèsé wọn, kó wá sọ oríkì rẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń pè é. Ohùn ìyá ti wà lọ́dọ̀ wọn, láti inú gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá èèyàn sọ lórí fóònù nígbà ayé rẹ̀. Oríkì ni wọn kò ní. Òfin kò sì gbà kí òkú wọ ilé kan láìjẹ́ pé ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un. Gbogbo èèyàn ti lọ. Ní ọjọ́ kejì, òkú wọn á jí wọn, á bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa, á sì rán wọn létí ọjọ́ ìpàdé àdúgbò. Ọdẹ́táyọ̀ ní òun á lọ lọ́la. Ọdún kẹrìnlá rèé tó ti ń lọ lọ́la. Láràárọ̀, nígbà tí ilé gbogbo bá ń dún, ilé tirẹ̀ á pa lọ́lọ́. Òun nìkan ni yóò jí ara rẹ̀, òun nìkan ni yóò sì dá ara rẹ̀ lóhùn.

Ohun tí kò sọ fún ẹnì kankan ni pé ìyá rẹ̀ wà nínú garawa tó gbé dání. Ohùn rẹ̀ ni, ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ó gbà á sílẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, láìjẹ́ kí ìyá mọ̀, ọdún kan kó tó kú. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá, ó tan látọ́ọ̀pù náà, ó sì dúró títí iṣu fi lè jinná kó tó ṣí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan yọ lójú rẹ̀. Ó ka á lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé e: dírááfù, ibi tí ẹ̀rọ yìí ń kó nǹkan pamọ́ sí, ń kú lọ, kó ẹrù rẹ kúrò nínú rẹ̀.

Abíọ́nà ń tún fáànù ṣe nígbà tó wọlé. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń ríran. Fáànù ló wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn aṣọ títa ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ yòókù. Ọdẹ́táyọ̀ kí i, ó pè é ní ẹ̀gbọ́n, ó sì gbé garawa kalẹ̀. Abíọ́nà ki ọwọ́ bọ inú garawa, ó fọwọ́ kan látọ́ọ̀pù. Ó tan fáànù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà kí ariwo wọn lè bo ọ̀rọ̀, ó sì ká aṣọ títa sókè.

Lẹ́yìn tí Ọdẹ́táyọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ohùn ìyá rẹ̀ fún un, dírááfù mẹ́ta ló kó sórí tábìlì. Ó ní kí ó mú èyí tó wù ú, ṣùgbọ́n kó tó mú un, kó kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́ ní èdìdì aláwọ̀ aró lára. Èyí ni òfin mọ̀. Abíọ́nà ní ó yára, ó lágbára, ọdún mẹ́wàá ni Àká fi ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá tilẹ̀ jó nínú iná, wọ́n á fún un ní òmíràn, ohun tó kó sínú rẹ̀ á sì wà nínú ti tuntun digbí.

Ọdẹ́táyọ̀ rò ó títí. "Báwo ló ṣe máa wà nínú ti tuntun?"

"Torí pé ẹ̀dà rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ wọn láti ọjọ́ tó o ti kó o sí i." Ó fi ìka rẹ̀ kan ihò kékeré kan tó ń dán lára dírááfù náà. "Ojú rẹ̀ rèé. Bí ìyá rẹ bá ti pe oríkì rẹ nínú rẹ̀, ìwọ ló pè é fún wọn yẹn."

Èkejì dán gbinrin. Wọ́n kọ iye ńlá sí i lára, iye tó lè gba ohùn gbogbo ará Ìgbòho. Ó wúwo lọ́wọ́, èyí sì tẹ́ Ọdẹ́táyọ̀ lọ́rùn, nítorí ohun tó bá wúwo ló máa ń rò pé ó dára. Abíọ́nà gbà á, ó tú ìdí rẹ̀. Nínú rẹ̀, mẹ́mórì kékeré inú fóònù ni wọ́n fi àtè lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyókù, irin lásán ni wọ́n fi sí i kó lè tẹ̀wọ̀n.

"Gbogbo ohun tó o bá kó sí i ni yóò gbà," ni Abíọ́nà wí. "O mọ èèyàn tó máa ń ní 'mo gbọ́, mo gbọ́' bó o ṣe ń bá a sọ̀rọ̀? Ní kó tún un sọ fún ọ, wàá rí i."

Ẹ̀kẹta kò jọ nǹkan kan. Ó pẹlẹbẹ, ó gùn tó ìka méjì, ara rẹ̀ ti bó, orúkọ ẹni tó ṣe é sì ti pa rẹ́. Kí òfin Àká tó dé ni wọ́n ti ṣe é. Abíọ́nà ní kó má fi ojú ara wò ó. Ó ní yàrá yàrá ni inú dírááfù. Àwọn kan máa ń kó èèyàn mẹ́rin sí yàrá kan kó lè gba èrò púpọ̀, kì í sì í pẹ́ tí wọ́n fi ń ti ara wọn ṣubú. Èyí, mẹ́ta mẹ́ta ni. Ó ní mẹ́mórì kékeré tirẹ̀ tó fi ń rántí ibi tó fi nǹkan sí. Òun ti kó ẹrù kún un dé ẹnu lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òun sì ti kó gbogbo rẹ̀ jáde padà láìdín ẹyọ kan. Òun ti bi í pé báwo ni ayé ṣe lò ó tó, ó sì ní nínú ọgọ́rùn-ún, mọ́kànlá péré ni wọ́n ti lò. Kò ní ojú.

Inú Ọdẹ́táyọ̀ dùn. Ó ní òun á fi ìró àdìrẹ ìyá òun wé e, òun á dì í mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án títí òun á fi kú.

"Ìwọ lo máa pa á nìyẹn," ni Abíọ́nà wí.

Ọdẹ́táyọ̀ ní kí ni òun ṣe.

"Gbogbo ohun tó níyì la máa ń dì mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí nílẹ̀ wa, mo mọ̀. Mélòó ni wọ́n ti gbé wá bá mi, nínú aṣọ òkè, nínú sányán, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Èyí kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀, Táyọ̀. Iná ló fi ń rántí. Bó o bá fi sílẹ̀ nínú ooru yìí fún ọdún kan láìjẹ́ kó rí iná, yóò máa gbàgbé díẹ̀díẹ̀. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni kó o máa tan án. Ní gbogbo ìgbà tó o bá sì tan án, mítà ilé rẹ lè sọ fún wọn pé ẹ̀rọ àtijọ́ kan ń mu iná. Nítorí náà, ìgbà mẹ́rin lọ́dún ni wàá máa bẹ̀rù. Ṣé o lè ṣe é?"

"Ìgbà mẹ́rin péré?" ni Ọdẹ́táyọ̀ bi í.

Abíọ́nà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọdẹ́táyọ̀ kò mọ̀ pé òun sọ ohun tó pani lẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ èyí tó ní èdìdì. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Ó ronú nípa àárọ̀. Ó ronú pé ẹnì kan á jí òun, á ní ṣé òun sùn dáadáa, kò ní sí ìbẹ̀rù, kò ní sí garawa. Lẹ́yìn náà ó rántí bí ìyàwó Lásísì ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ó mú èyí tí ara rẹ̀ ti bó.

Dídà ohùn láti inú ògbólógbòó sínú tuntun pẹ́. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré ni, ṣùgbọ́n látọ́ọ̀pù ń ṣe bí arúgbó tó ń gun òkè, á lọ díẹ̀, á dúró, wọ́n á máa wo ojú rẹ̀ bóyá yóò tún lọ. Abíọ́nà bu omi fún un. Nígbà tó parí, Abíọ́nà fi dírááfù méjèèjì wéra, ó mi orí.

"Iye rẹ̀ bára mu," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n iye kọ́ ni ìyá. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Fi í sétí, kó o gbọ́ bóyá ó pé. Pa ẹnu dé o."

Ọdẹ́táyọ̀ fi okùn kan sétí. Ó kọ́kọ́ gbọ́ ìgbálẹ̀ ní ojúde. Ó gbọ́ ewúrẹ́. Ó gbọ́ ikọ́ ìyá rẹ̀, ikọ́ gbígbẹ ti ìgbà ọyẹ́, lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìran wọn, ìran ọdẹ, ó ń lọ geere, ó wá fo bàbá bàbá rẹ̀ kan, ó ní "hẹ́n-ẹ̀n, mo ti fò ó," ó sì padà lọ mú un. Ohun gbogbo pé. Lẹ́yìn náà ni ó pe Ọdẹ́táyọ̀ ní oríkì rẹ̀. Oríkì náà, n kò ní kọ ọ́ síhìn-ín.

Nínú agbolé wọn, ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá pè bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀ kì í dákẹ́. Kí eyín tó hù lẹ́nu ọmọ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Bó bá dákẹ́, à á rò pé àìsàn ló ń ṣe é, àbí ó ti kọ ìyá rẹ̀. Nílé, lọ́jọ́ kan ṣoṣo tó máa ń gbọ́ ohùn yìí lọ́dún, ojú rẹ̀ a máa wà nínú ìrọ̀rí, inú ìrọ̀rí ni yóò sì dáhùn sí. Ṣùgbọ́n kò sí ìrọ̀rí ní ṣọ́ọ̀bù Abíọ́nà.

"Màmáà mi," ni ó dáhùn. "Mo ti jí o."

Ohùn rẹ̀ ròkè ju fáànù mẹ́ta lọ. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun sọ ọ́. Ìgbà tó rí ojú Abíọ́nà ló mọ̀. Láti ojú fèrèsé, àwọn méjèèjì rí òpó tó wà lójú títì. Iná rẹ̀ ti pọ́n.

Ẹyin lohùn, ó ti bọ́. Abíọ́nà kò pariwo. Ó fa okùn iná yọ kúrò lára látọ́ọ̀pù, ojú ẹ̀rọ náà ṣú. Ó yọ dírááfù tuntun náà, ó jù ú sínú abọ́ irin kan tó wà lórí tábìlì, níbi tí ọgbọ̀n irú rẹ̀ wà, gbogbo wọn ti kú. Lẹ́yìn náà ni ó tún tẹ látọ́ọ̀pù náà wò. Kò tàn. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó fi etí sí i, ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé dírááfù inú rẹ̀ ti lọ, kò ní ṣí mọ́. Èyí tó wà nínú abọ́ nìkan ló kù láyé.

Ẹni tí Àká rán wá jẹ́ obìnrin tó lè jẹ́ ọmọ Ọdẹ́táyọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì tọrọ àyè láti jókòó. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń gba ọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀rí òpó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn, pé bàbá dá ìyá wọn lóhùn, bẹ́ẹ̀ ìyá wọn kò tíì wọ ilé kankan nínú ìwé Àká. Ó ní ìbéèrè mẹ́ta ni òfin fún òun. Ẹni tó bá dáhùn, ọ̀rọ̀ parí, wọn kì í fìyà jẹ ẹ́. Ẹni tí kò bá dáhùn, wọ́n á dí ohùn mọ́ ọn fún ọdún kan. Òkú kò ní bá a sọ̀rọ̀, alààyè kò ní bá a sọ̀rọ̀, ẹni tó bá kí i pàápàá, òpó á gbọ́.

Ọdẹ́táyọ̀ fa garawa rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Bàbá, ta ni ẹ ń dá lóhùn?"

"Ìyá mi ni."

Obìnrin náà mi orí, bí ẹni pé ó dùn mọ́ ọn pé wọn kò purọ́. "Níbo ni ẹ ti gbọ́ ohùn wọn?"

"Ẹni tó bá dàgbà tó mi," ni Ọdẹ́táyọ̀ wí, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀, "ẹni tó bá ń dá gbé bíi tèmi, a máa gbọ́ ìyá rẹ̀."

Obìnrin náà wò ó. Ó wo látọ́ọ̀pù tó ti kú, ó tẹ̀ ẹ́, kò tàn. Ó na ìka sínú abọ́ irin, ó ń rú àwọn dírááfù náà bí ẹni ń wá òkúta nínú ìrẹsì. Ó mú ọ̀kan, ó yí i wò. Òun ni. Ọdẹ́táyọ̀ mọ̀ ọ́n nípa bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe bó. Abíọ́nà ń fi òróró sí fáànù, kò gbójú sókè. Obìnrin náà bi í pé kí ni gbogbo ìwọ̀nyí, Abíọ́nà ní ìdọ̀tí ni, òun fẹ́ yọ́ irin wọn. Obìnrin náà sọ ọ́ padà sínú abọ́.

Ó wá jókòó súnmọ́ Ọdẹ́táyọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní bàbá òun náà ti kú, láràárọ̀ ló sì ń jí òun. Ó ń ki òun délẹ̀délẹ̀. Kì í ṣàṣìṣe.

"Rárá?" ni Ọdẹ́táyọ̀ bi í.

"Rárá, bàbá."

"Nígbà tí wọ́n wà láyé ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. "Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè," ni ó wí, "kí wọ́n tó rántí tèmi." Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn iṣẹ́ ló fi sọ ọ́. "Ẹ̀kẹta rèé, bàbá. Kí ni oríkì yín? Ẹ pè é bí wọ́n ṣe ń pè é, ẹ̀ẹ̀kan péré. Lọ́la, wọ́n á jí yín."

Ó gbé ẹ̀rọ náà súnmọ́ ètè Ọdẹ́táyọ̀. Ọdẹ́táyọ̀ ronú nípa ọdún kan. Ó rò ó ní oṣù, ó rò ó ní àárọ̀. Ó rò ó pé Lásísì pàápàá kò ní bú òun mọ́.

"Ọmọ mi," ni ó wí, "èyí tí mo lè sọ, mo ti sọ ọ́."

Obìnrin náà tún bi í. Òfin kò ní kó bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má jẹ́ kí n dí i mọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́.

Ọdẹ́táyọ̀ wò ó lójú, pẹ̀lú àánú. Ó pa ètè rẹ̀ dé, ó ń fi imú mí, kò sì sọ nǹkan kan mọ́.